Henry Rawlinson Carr (1863–1945): Òṣìṣẹ́ Ìjọba àti Akówèéjọ Ìlú Èkó

Henry Rawlinson Carr wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ dé ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé, ó ṣe ajẹ́lẹ̀ Èkó, ó sì jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù nínú ìtàn ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà ni ìwé tó kó jọ. Nígbà tó jáde láyé ní ọdún 1945, ìwé tó wà nínú ilé rẹ̀ tó nǹkan bí 18,000. Wọ́n sì di ọ̀kan lára ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa. Ìtàn rẹ̀ gba àròjinlẹ̀, nítorí pé ẹni tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kà sí ẹrú òyìnbó ni ó kó irú ọrọ̀ ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ìran tó gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó.

Èkó tí a bí i sí

A kò lè lóye ìwà àti èrò Carr bí a kò bá kọ́kọ́ wo irú ìlú tí Èkó jẹ́ nígbà tí a bí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sípò. Agídìngbì ni àwọn ará Èkó pe ogun náà, nítorí bí àgbá ṣe ń dún. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun kan tó ń jẹ́ Prometheus dúró sórí ọ̀sà. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1863, ni a bí Henry Carr.

Sàró ni àwọn òbí rẹ̀. Sàró ni orúkọ tí a ń pe àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó lẹ́rú, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun, tí wọ́n kó lọ sí Fìrítáùn ní Sẹria Léònì, àti àwọn ọmọ wọn tó padà wálé lẹ́yìn náà. Láti ọdún 1808 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọkọ̀ ogun ṣọ́ etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti dá òwò ẹrú dúró. Nítorí náà, àwọn tí ìdílé Sàró ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n já ẹ̀wọ̀n lọ́rùn àwọn, àwọn náà ni ìdílé ọmọ onílẹ̀ ní Èkó ń rántí pé wọ́n fi àgbá ba ilé àwọn jẹ́. Inú ìrántí méjì yìí ni Carr dàgbà sí. Èyí tó ti ìdílé tirẹ̀ wá ni ó tẹ̀lé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ilé-ìwé àwọn Wẹ́sílì ní Olówógbowó, ní Èkó, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwé girama Wẹ́sílì ní Fìrítáùn. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ Fourah Bay College, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ajíyìnrere CMS dá sílẹ̀ ní 1827, tó sì di ẹ̀ka Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1876. Ní 1882, Carr gba oyè onípò gíga nínú ìmọ̀ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ Fourah Bay àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Kò ì tíì pé ogún ọdún.

Lẹ́yìn èyí ó rékọjá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní St Mark's College ní Chelsea, ó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní South Kensington, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ ní Lincoln's Inn, níbi tí àwọn agbẹjọ́rò ti ń gba ẹ̀kọ́. Nígbà tó fi padà sí Èkó ní 1885, ó ti rí ìlú tí ilé ìtàwé pọ̀ sí, tí a ti ń ta ìwé àlòkù lójú pópó, tí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sì lè ra ìwé ẹni tó ti kú ní owó pọ́ọ́kú. Ní Èkó, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Iṣẹ́ ìjọba

CMS Grammar School, tó jẹ́ ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí, ni Carr ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́. Ní 1889 ó bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà àti igbákejì alábẹ̀wò ilé-ìwé. Ìpele lórí ìpele ni ó gùn nínú iṣẹ́ náà, títí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní gúúsù Nàìjíríà fi wá wà lára ohun tí ìjọba ń béèrè ìmọ̀ràn rẹ̀ lé lórí. Ó lọ́wọ́ sí ètò tí a fi dá King's College sílẹ̀ ní Èkó ní 1909. Èrò tó ń gbé kiri nínú àwọn ìròyìn rẹ̀ ni pé kò yẹ kí ìjọba fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ pátápátá fún àwọn ìjọ. Ó fẹ́ kí ìjọba ná owó sí i, kí ó sì rí i dájú pé olùkọ́ tó mọṣẹ́ ni ó ń kọ́ ọmọ.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí ìgòkè rẹ̀ ti ṣòro tó. Lẹ́yìn ọdún 1890 ni ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í tì mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú nínú iṣẹ́ ìjọba. Ní 1902, ìjọba dá ẹgbẹ́ àwọn dókítà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n sì pa á láṣẹ pé dókítà aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, bí ó ti wù kí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ tó. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni Carr ń gòkè. Ní 1918, ìjọba fi í ṣe ajẹ́lẹ̀ Èkó, ipò tí àwọn òyìnbó ni a sábà máa ń fi sí. Ohun ìjà kan ṣoṣo tó ní ni ìmọ̀. Kò sí ìdílé ọlọ́ba lẹ́yìn rẹ̀, kò sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ nípa òfin, Carr ní láti mọ òfin ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ibí yìí ni ìdí pàtàkì kan tí ó fi ń kó ìwé jọ ti hàn.

Bí ó ṣe kó ìwé jọ

Bí a bá ṣírò láti ìgbà tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé títí di ìgbà ikú rẹ̀, ọgọ́ta ọdún ni. Kí ìwé 18,000 tó lè pé láàárín ọgọ́ta ọdún, ó ní láti jẹ́ pé ìwé bí 300 ń wọlé lọ́dún kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì fẹ́ ka gbogbo rẹ̀, tó ń ka ẹyọ kan lọ́sẹ̀, yóò lo ọdún tó lé ní 340. Ó hàn gbangba pé Carr kò kó wọn jọ kí ó lè ka gbogbo wọn tán. Ó kó wọn jọ kí ó lè rí èyí tó bá fẹ́ nígbà tó bá fẹ́ ẹ, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i ní Èkó. Àwọn ìwé náà kò dá lé ẹ̀ka ìmọ̀ kan ṣoṣo.

Ilé ìtàwé CMS wà ní Èkó láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n Bíbélì, ìwé orin àti ìwé ilé-ìwé ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìwé tó jinlẹ̀ ní láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà náà, àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Lọ́ńdọ̀nù a máa tẹ ìwé àtòjọ jáde. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń to orúkọ ìwé, ọdún tí a tẹ̀ ẹ́, ipò tí èèpo rẹ̀ wà àti iye rẹ̀. Wọ́n a fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà nípa ilé-ìfìwéránṣẹ́. Bí oníbàárà bá wà ní Èkó, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò kọjá kí ìwé àtòjọ tó dé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì tún ni kí lẹ́tà rẹ̀ tó padà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹlòmíràn ti lè ra ìwé náà kí ó tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ òkun ńlá pàápàá kò lè wọ inú ọ̀sà Èkó tààrà ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, nítorí yanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà. Ọkọ̀ kékeré ni a fi ń gba ẹrù níbi tí ìgbì ti le.

Ogun tún máa ń dá sí i. Ìtàn ìwé Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, fi èyí hàn. Johnson parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì sọ ọ́ nù níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1916, ó fi í sínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì gbà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, ọdún 1921 ni ó sì tó jáde. Ojú òkun kan náà ni gbogbo ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń rà ń gbà wálé.

Bí ìwé bá sì délé, wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rinrin etí ọ̀sà a máa mú kí ìwé hu èèhù, àtè tí a fi lẹ ẹ̀yìn ìwé jẹ́ oúnjẹ fún aáyán, ikán sì lè jẹ odindi àpótí ìwé kan tán kí onílé tó mọ̀. Ẹni tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Èkó, ó ní láti máa yẹ̀ wọ́n wò, kí ó máa nù wọ́n, kí ó sì máa sá wọn sí afẹ́fẹ́ láìsinmi.

Ìwé àwọn ológun àti ìtàn wa

Ìkówèéjọ ní ìtumọ̀ mìíràn fún ọmọ Yorùbá ìgbà Carr. Púpọ̀ nínú ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti jáde. Ìròyìn ogun Agídìngbì wà nínú ìwé tí ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde. A. B. Ellis, tó kọ ìwé kan nípa àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá ní 1894, ọ̀gá sójà ni. Òun kan náà ni ó kọ ìtàn ẹgbẹ́ ọmọ ogun West India àkọ́kọ́ ní 1885. Bí wọ́n ti ń tẹ ìwé nípa ogun tí wọ́n jà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún àwọn ará ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìlú wa, ọba wa àti jagunjagun wa ń wọ inú ìwé wọn. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, irú ìwé bẹ́ẹ̀ a di àlòkù lórí àtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àyàfi bí ẹnìkan bá rà á, tó sì gbé e wá sílé, ẹni tí ìtàn náà kàn gan-an lè má rí i kà láé.

Carr fúnra rẹ̀ wà nínú ìjọba nígbà tí irú ogun bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́ta nínú iṣẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Ọdún tó di ajẹ́lẹ̀ Èkó, 1918, náà ni ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nítorí owó orí.

Ìjà pẹ̀lú Herbert Macaulay

Ipò ajẹ́lẹ̀ ni ó mú Carr bọ́ sínú ìjà tí ará Èkó kò gbàgbé. Ní 1920, Herbert Macaulay tẹ̀lé Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ dání. Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀ nípa ipò ọba bí ìjọba nínú. Ìjọba ní kí Ẹlẹ́kọ̀ọ́ sẹ́ Macaulay ní gbangba. Nígbà tí kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n fagi lé ìmọ̀sí tí wọ́n fún un. Olóyè Olúwa jàre ẹjọ́ ilẹ̀ náà ní 1921, èyí sì sọ Macaulay di akọni lójú àwọn ará Èkó. Ọ̀dọ̀ ìjọba ni Carr dúró sí ní gbogbo àsìkò yìí. Ó gbà pé òfin ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ borí, àti pé ariwo àwọn olóṣèlú kò lè tún ìlú ṣe.

Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ní 1924 ó kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó fi pè fún yíyọ Carr kúrò nípò. Ọdún náà ni Carr fẹ̀yìn tì. Ní 1925, ìjọba lé Ẹlẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́, kò sì padà títí di 1931. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, Carr jẹ́ apá kan ohun tó mú ìyà yẹn wá. Àwọn Sàró ẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbà pé olóòótọ́ òṣìṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ní ojú ọjà àti ní àgbàlá ọba, orúkọ rẹ̀ kò dùn létí.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ó sin ìjọ Áńgílíkà gẹ́gẹ́ bí agbaninímọ̀ràn lórí òfin fún Dáyósíìsì Èkó, ó sì tún ṣe aṣòfin. Ìwé rẹ̀ kò yé pọ̀ sí i. Ó jáde láyé ní oṣù Kẹta ọdún 1945, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Macaulay tẹ̀lé e ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946.

Láti Èkó dé Ìbàdàn

Ikú ni ìdánwò tó le jù fún gbogbo akówèéjọ. Bí olówó ìwé bá kú, àwọn ajogún a pín ìwé bí ẹni pín aṣọ, èyí tí wọn kò bá fẹ́ a di ohun tí a fi ń di ẹ̀pà. Ti Carr kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà ra ìwé rẹ̀ lódidi, wọ́n sì fi fún University College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Pẹ̀lú ìwé tó wá láti Higher College ní Yaba, ìwé Carr ni ilé-ìkàwé tuntun náà fi bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ àkóso John Harris, alábòójútó rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ibùdó àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí ilé ìwòsàn àwọn sójà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni ó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n kó lọ sí ọgbà tí Yunifásítì Ìbàdàn wà lónìí. Láti gbogbo ẹ̀yà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá. Ọ̀kan nínú wọn ni Elechi Amadi, ọmọ Aluu, ìlú àwọn Ikwerre tí kò jìnnà sí Isiokpo, lẹ́bàá Port Harcourt. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ ìṣirò àti físíìsì ní 1959, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí Carr kọ́ ní Fìrítáùn ní ọdún 77 ṣáájú. Amadi di olùkọ́, ó di ọmọ ogun, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1973 nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà.

Ní Ìbàdàn yìí kan náà ni Kenneth Dike àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tún ìtàn Áfíríkà kọ láti ojú ìwòye ọmọ Áfíríkà. Ní 1964, J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith tẹ ìwé kan jáde lórí ogun jíjà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n lo àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi àkọsílẹ̀ náà yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọ̀gá ológun ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ìdíyelé

Ẹ̀sùn tí a lè fi kan Carr kò kéré. Ó fi ìmọ̀ rẹ̀ sin ìjọba tó fi àgbá gba ìlú rẹ̀, ó sì dúró tì í nígbà tó ń fìyà jẹ Ẹlẹ́kọ̀ọ́. Bí ó ti jẹ́ pé ogún ìdílé rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí ó fi fọkàn tán òyìnbó, kò sọ pé àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé kò jìyà.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fi ìṣèlú nìkan wọn Carr yóò fi ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ìlú tí ẹ̀kọ́ yunifásítì kò sí, ó kó ìwé tó tó ti ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan jọ sínú ilé ara rẹ̀. Kò lè yan ẹni tí yóò kà wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kórìíra ìjọba amúnisìn lè ṣí ìwé tí òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn rà, kí ó sì rí ohun tí yóò fi ta ko ìjọba náà nínú rẹ̀.

Àwọn ìwé àti ìwé ìròyìn tí Herbert Macaulay náà kó jọ ní ọjọ́ ayé rẹ̀ wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin méjèèjì lè lọ sí ilé-ìkàwé tí a fi orúkọ Kenneth Dike pè ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àkọsílẹ̀ Carr àti àkọsílẹ̀ Macaulay, tí wọn kò lè jókòó pọ̀ ní Èkó, wà lábẹ́ òrùlé kan náà níbẹ̀.